Yìnyín yíya: ohun tí ará Òṣogbo tó ń lọ sókè òkun yóò kọ́ kí ó tó gun òkè oníyìnyín

Yìnyín tí Òṣogbo mọ̀ kò ju èyí tó ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá, tó ń ta lórí páánù bí òkúta, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Ọyẹ́ tó mú jù kò tíì mú omi inú korobá dì rí. Ṣùgbọ́n ọmọ wa tó wà ní Kánádà, Amẹ́ríkà àti Switzerland kò níye mọ́. Bí oṣù kejìlá bá sì ti dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́ tàbí ní yunifásítì á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n pé kí àwọn jọ lọ gun òkè tí yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí òyìnbó ń pè ní snow, bò. Bó bá jẹ́ ibi ìṣeré síkì (fífi pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín) tí wọ́n ń san owó wọ̀ ni, ọ̀rọ̀ rọrùn díẹ̀, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń fi ohun abúgbàù já yìnyín tó bá fẹ́ ya sílẹ̀ kí ènìyàn tó dé láàárọ̀. Òkè tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ la ń sọ níhìn-ín. Ewu ibẹ̀ ni ohun tí òyìnbó ń pè ní avalanche, tí àwa yóò máa pè ní yìnyín yíya: yìnyín tó já kúrò lára òkè, tó ń sáré sọ̀kalẹ̀, tó sì lè bo èèyàn mọ́lẹ̀.

Nínú jàǹbá 10 tó ń kan arìnrìn-àjò lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 9 ló jẹ́ pé ẹni tó kàn gan-an, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn, ló fi ẹsẹ̀ já yìnyín náà. Òkè kì í lé èèyàn kiri. Èèyàn ló ń lọ bá a níbi tó ti ṣe tán láti ya. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ohun tó ń gbani là ni a lè kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo níbí, kí físà tó jáde.

Òkìtì yanrìn ni olùkọ́ àkọ́kọ́

Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tí típà da yanrìn gbígbẹ sí. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílé. Ẹ gbé pákó tó tọ́, tó gùn tó mítà kan, lé ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ fóònù lé pákó náà. Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbàlódé ní irinṣẹ́ tó ń ka dígírì, iṣẹ́ kan náà tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì ń ṣe lọ́wọ́ bíríkìlà. Bí yanrìn bá gbẹ dáadáa, ẹ ó kà tó 30 sí 35. Ẹ bu ṣọ́bìrì kan sí i lórí: yóò ya, yóò sì tún padà sí iye kan náà. Lẹ́yìn náà ẹ wọ́n omi sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ wá gbẹ́ ìdí rẹ̀. Yóò dúró gbọn-in bí ògiri, títí yóò fi já lódindi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Yìnyín ní ìwà méjèèjì. Èyí tó ń ya bíi yanrìn gbígbẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan, yóò máa fẹ̀ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó já a sábà máa ń wà lókè rẹ̀, ó sì ń wò ó bó ṣe ń lọ. Èyí tó ń já lódindi ni apani. Ẹ jẹ́ ká pè é ní pátákó yìnyín. Ìlà tó já sí sábà máa ń wà lókè orí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, tí olúwarẹ̀ á fi bá ara rẹ̀ láàárín pátákó tó ń fọ́, tó sì ń sáré. Ká ní pátákó kan fẹ̀ ní mítà 50, ó gùn ní mítà 20, ó nípọn ní ààbọ̀ mítà péré. Bí mítà kúbíìkì kan rẹ̀ bá wọn kílò 250, gbogbo rẹ̀ tó àpò sìmẹ́ǹtì 2500, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tírélà mẹ́ta tó ń gbé àpò 900. Pátákó kékeré nìyẹn o.

Iye tí ẹ máa há sórí rèé. Pátákó yìnyín sábà máa ń já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó jẹ́ dígírì 30 sí 45, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù wà ní àyíká 38. Tí kò bá tó 30, kò wọ́pọ̀. Tí kò bá tó 25, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Tó bá ju 55 lọ, yìnyín kì í fẹ́ dúró níbẹ̀ pẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń ya kúrò. Àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sábà máa ń wà láàárín 30 sí 35. Ẹ fi fóònù àti pákó yín wọn àtẹ̀gùn mẹ́ta, mẹ́rin láàárín ìlú, ẹ kọ́kọ́ méfò iye rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, títí méfò yín kò fi ní máa yẹ̀ ju dígírì mẹ́ta lọ. Ojú tó bá ti mọ àtẹ̀gùn ti mọ ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn: ilẹ̀ tí ẹ dúró sí lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ya wà lókè orí yín. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa wọn òkè, ibi tí ẹ̀ ń tẹ̀ àti ibi tó wà lókè rẹ̀.

Lórí máàpù, ìlà gíga, ìyẹn ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, ló ń sọ bó ṣe rí. Bí máàpù bá jẹ́ 1:25 000, tí ìlà kan sì fi mítà 20 ga ju èkejì lọ, ibikíbi tí ìlà bá ti sún mọ́ ara ju mìlímítà 1.4 lọ ti kọjá dígírì 30. Àwọn áàpù máàpù òkè tún máa ń fi àwọ̀ kun irú ibẹ̀. Ẹ má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé àwọ̀ náà o: òkìtì kékeré tó ga ní mítà mẹ́wàá lè fara pamọ́ fún máàpù, ó sì tó láti bo èèyàn mọ́lẹ̀.

Tíréè, ẹ̀lùbọ́ àti ṣúgà

Kí ló dé tí pátákó kan máa dúró lónìí, tó máa já lọ́la? Ẹ tẹ́ tówẹ̀lì sínú tíréè. Ẹ da ẹ̀lùbọ́ lé e, kí ó nípọn tó ìka méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ wọ́n ṣúgà oníhóró sí i lójú kí ó bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tún da ẹ̀lùbọ́ lé ṣúgà náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó mú ara. Ẹ wá gbé orí tíréè sókè díẹ̀díẹ̀, fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ dígírì tó já sí sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe láìfi ṣúgà sí i. Ìyàtọ̀ iye méjèèjì ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Apá òkè kò ní àléébù, apá ìsàlẹ̀ kò ní. Ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín wọn ló da wọ́n.

Irú ṣúgà yẹn ń hù nínú yìnyín fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ yìnyín máa ń wà ní àyíká dígírì 0 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, nígbà tí ojú òkè rẹ̀ lè tutù dé dígírì 12 nísàlẹ̀ òdo lálẹ́ tí kò sí ìkùukùu. Bí yìnyín náà kò bá nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, òtútù ń yí pa dà ní dígírì mẹ́ta láàárín sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ju dígírì kan lọ fún sẹ̀ǹtímítà 10, ooru omi yóò máa gun òkè nínú yìnyín, yóò sì máa sọ hóró rẹ̀ di onígun tí kì í lẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí yìnyín tínrín ìbẹ̀rẹ̀ ọdún òtútù fi léwu ju bí ojú ṣe rò ó lọ: kò nípọn, nítorí náà ìpele ṣúgà rẹ̀ tètè ń hù, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn fún oṣù, tí yìnyín tuntun á máa kó lé e lórí.

Atẹ́gùn náà ń kọ́ pátákó. Ó máa ń gbá yìnyín láti ìhà tó ti ń fẹ́ wá, á kó o sí ẹ̀yìn òkè, ó sì lè kó o jọ síbẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá bí ó ṣe ń bọ́ látojú ọ̀run. Ọjọ́ lè mọ́ gaara, kí ewu máa pọ̀ sí i, nítorí pé atẹ́gùn ń ṣiṣẹ́. Ní ṣóńṣó òkè, atẹ́gùn yìí kan náà ń mú kí yìnyín yọ sóde bí etí òrùlé tí kò ní òpó. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kò tẹ ilẹ̀. Ibi tó ń já sí sì máa ń wọnú ju ibi tí èèyàn rò lọ, nítorí náà ẹ jìnnà sí i dáadáa.

Ìpinnu ti gbọ́dọ̀ wà ní ilẹ̀ lálẹ́ àná

Ní Kánádà, Avalanche Canada ló ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde. Ní Colorado, CAIC ni. Ní Switzerland, ilé-iṣẹ́ SLF tó wà ní Davos ni. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìpele ewu márùn-ún ló wà, láti 1 dé 5. Ohun tí àlejò sábà máa ń ṣì ni 3: wọ́n á ní àárín ni, bí máàkì 50 nínú 100. Rárá. Ewu kì í pọ̀ sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí iye orí rúlà. Ìpele kan sí èkejì ń fò ni. Ìpele 3 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kú, nítorí pé ní 4 àti 5 àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rù, wọ́n jókòó sílé. Ẹni tí kò tíì ní ọdún méjì, mẹ́ta lẹ́nu ìrìn yìí, tó bá ti rí 3, kí ó mú ọ̀nà tí kò kọjá dígírì 25 níbikíbi, tí kò sì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá lókè rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Inú igbó orí ilẹ̀ tó tẹ́ náà lẹ́wà.

Ẹ má dúró sí nọ́ńbà náà. Ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: ìhà wo ni òkè tó léwu kọjú sí, ibi gíga wo ló ti bẹ̀rẹ̀, irú ìṣòro wo ni. Yìnyín tuntun àti èyí tí atẹ́gùn kó jọ sábà máa ń fara balẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó bá ní ìpele ṣúgà nísàlẹ̀ kì í gbọ́ tọjọ́: ẹni mẹ́wàá lè kọjá lórí rẹ̀, kí ẹni kọkànlá tẹ ibi tó tínrín, kí gbogbo rẹ̀ já. Ipasẹ̀ ẹni tó ti kọjá níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí kankan.

Kí ẹ tó jáde, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà, iye ẹni tí ẹ jẹ́, àti àkókò tí ẹ máa padà. Ẹni tó wà ní ìlú yẹn gan-an lẹ máa fi sílẹ̀ fún. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí màmá ní Òkè-Fìà kí ọkàn wọn balẹ̀, ṣùgbọ́n 911 tí wọ́n bá tẹ̀ láti Òṣogbo kò lè dé Kánádà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa ju àwọn onílé lọ. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í fẹ́ já ẹni tó jù ú lọ nínú ọ̀rọ̀, pàápàá bó bá jẹ́ àlejò, tó jẹ́ pé ọ̀gá níbi iṣẹ́ ló wa ọkọ̀ wá. Ara lè ti sọ fún un pé ibí yìí kò dára, kí ẹnu rẹ̀ má gbé e. Ẹ fi òfin kan lélẹ̀ kí ẹ tó gbéra: bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní ká padà, gbogbo wa padà, kò sì sẹ́ni tó máa bi í ní ìdí títí a ó fi dé ìdí ọkọ̀. Bí wọn kò bá gba òfin yìí, ẹ má bá wọn lọ.

Ẹrù mẹ́ta, lára ẹnì kọ̀ọ̀kan

Bíkọ́ọ̀nù láti gbọ́ ibi tí ẹni tí yìnyín bò wà, ọ̀pá ìgúnlẹ̀ láti gún yìnyín wá a, ṣọ́bìrì láti wú u jáde. Mẹ́ta yìí kò ṣeé pín. Ẹni tó gbé ọ̀pá nìkan kò lè wu ẹnikẹ́ni jáde. Àwọn ṣọ́ọ̀bù òkè máa ń yá èèyàn ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bíkọ́ọ̀nù jẹ́ rédíò kékeré tó ń ránṣẹ́ lórí 457 kHz káàkiri ayé, nítorí náà ti ilé-iṣẹ́ kan ń gbọ́ ti òmíràn. Ẹ ra èyí tó ní áńtẹ́nà mẹ́ta. Ẹ wọ̀ ọ́ mọ́ ara lábẹ́ ẹ̀wù òkè, ẹ má sọ ọ́ sínú báàgì, nítorí yìnyín lè já báàgì gbà. Bátìrì álíkáláìnì ni, àyàfi bí ìwé rẹ̀ bá gba òmíràn láyè. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń sún mọ́ ìdá 50 nínú 100. Kí fóònù jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 20 nígbà tó ń ránṣẹ́, àti 50 nígbà tí ẹ̀ ń fi í wá èèyàn. Fóònù, aago ọlọ́gbọ́n àti ìbọ̀wọ́ tó ń lo bátìrì ni olórí ohun tó ń dà á láàmú. Láàárọ̀, nídìí ọkọ̀, kí ẹnì kan dúró, kí àwọn yòókù máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó gbọ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbéra.

Ọ̀pá ìgúnlẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrú ju sẹ̀ǹtímítà 240 lọ. Ṣọ́bìrì onírin ni kí ẹ mú. Ti rọ́bà máa ń ṣẹ́, nítorí yìnyín tó ti ya tó sì dúró máa ń le bíi sìmẹ́ǹtì tó ti ń gan.

Kílàásì wà fún un: ní Kánádà, AST 1, ọjọ́ méjì ó kéré tán, ní Amẹ́ríkà, AIARE ní tirẹ̀. Kíkà nìkan kò tó.

Lórí òkè gan-an

Àmì márùn-ún ló ń sọ pé kí ẹ yí padà, ìkan ṣoṣo tó. Bí ẹ bá rí ibi tí yìnyín ti ya ní àìpẹ́ lórí òkè tó jọ tiyín. Bí ìlà bá sáré lọ láti abẹ́ ẹsẹ̀ yín bíi gíláàsì tó ń sán. Bí ẹ bá gbọ́ “hùùm” kan tó wúwo lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ilẹ̀ sì rì díẹ̀: ìpele ṣúgà ló wó yẹn, ó kàn jẹ́ pé ibẹ̀ tẹ́ ni kò fi gbé yín lọ. Bí yìnyín tuntun bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 30 láàárín wákàtí 24, tàbí tí òjò rọ̀ sí i, tàbí tí atẹ́gùn ń gbá a kiri. Bí ooru bá ṣàdédé mú, tí yìnyín ń dà bí ògì lábẹ́ bàtà.

Bí ó bá di dandan láti kọjá níbi tó lé ní 30, ẹnì kan ni kí ó kọjá lẹ́ẹ̀kan. Kí àwọn yòókù dúró síbi tí kò lè ya dé, kí wọ́n sì máa wò ó láìmójú kúrò. Ẹni tí wọn kò rí ibi tó rì sí, wíwá rẹ̀ yóò pẹ́. Ẹ yọ okùn ọ̀pá ìtilẹ̀ kúrò lọ́rùn ọwọ́. Ẹ má dúró jẹun nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ yẹra fún ibi tí òkè ti yọ ikùn síta, torí ibẹ̀ ni pátákó ti ń já jù, kí ẹ sì wo ohun tó wà nísàlẹ̀: odò, àfonífojì tóóró, igi, òkúta. Yìnyín tí kò ju ti orúnkún lọ, bó bá kó sínú àfonífojì tóóró, á di mítà mẹ́ta lórí èèyàn. Ní Kánádà, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tí yìnyín yíya pa ló jẹ́ pé igi tàbí òkúta ló ṣe é léṣe, kì í ṣe àìrí èémí.

Bí ó bá gbé yín: ẹ pariwo kí wọ́n rí yín, ẹ sá sí ẹ̀gbẹ́ pátákó náà, ẹ fa báàgì afẹ́fẹ́ (báàgì ẹ̀yìn tó ń wú bíi bàlúù kí èèyàn má bàa rì) bí ẹ bá ní i, ẹ jà láti wà lójú rẹ̀. Bó bá ti ń rọra fẹ́ dúró, ẹ fi ọwọ́ bo iwájú imú àti ẹnu kí àyè díẹ̀ lè wà. Tó bá ti dúró tán, ọwọ́ kò ní ṣeé gbé mọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Nínú ẹni 10 tí wọ́n wú jáde láàárín ìṣẹ́jú 10, bíi 9 ló ń yè. Tó bá ti kọjá ìdajì wákàtí, ó ti dín sí bí ẹnì kan nínú mẹ́ta. Hẹlikópítà kì í sábà dé láàárín ìṣẹ́jú 10. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ni olùgbàlà.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ojú sókè: ṣé òmíràn lè ya? Ní 4 oṣù kẹta 1910, ní Rogers Pass ní Kánádà, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ń kó yìnyín tó ti ya kúrò lójú ọ̀nà nígbà tí òmíràn ya láti òkè òdìkejì. Ẹni 58 ló kú.

Bí ẹ bá ju méjì lọ, kí ẹnì kan pe 911, tàbí 112 ní Yúróòpù, tàbí 1414 ní Switzerland. Gbogbo yín ẹ yí bíkọ́ọ̀nù sí wíwá. Ẹnì kan tó gbàgbé tirẹ̀ sórí ìránṣẹ́ yóò mú kí gbogbo yín máa wá ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn, ẹ máa lọ sísàlẹ̀, ẹ máa wo ìbọ̀wọ́, síkì, ohunkóhun tó bá yọjú. Kí ojú ọ̀nà kan sí èkejì má ju mítà 40 lọ títí ẹ ó fi gbọ́ àmì rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ọfà tó wà lójú bíkọ́ọ̀nù. Bí nọ́ńbà ibẹ̀, tó ń sọ nǹkan bíi mítà tó kù, bá ti di 10, ẹ dín ìrìn kù. Bó bá di 3, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ mú bíkọ́ọ̀nù sún mọ́ ojú yìnyín, ẹ má yí i, ẹ rọra fà á síwá sẹ́yìn, lẹ́yìn náà sọ́tùn-ún sósì, títí ẹ ó fi rí nọ́ńbà tó kéré jù. Ibẹ̀ lẹ máa gún. Kí ọ̀pá dúró ní dígírì 90 sí ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ihò kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, kí ẹ máa yí i ká bíi ìkarahun ìgbín. Bí ọ̀pá bá kan ohun tó rọ̀ tó ń tì í padà, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fà á yọ.

Èyí náà ni ẹ lè fi òkìtì yanrìn kọ́. Kí ẹnì kan bo àpò ìyẹ̀fun igi àti òkúta ńlá kan mọ́lẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò rí i fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un wá. Àpò á tì í padà rọ̀bọ̀tọ̀, òkúta á dún, ilẹ̀ á kàn gbá a mú. Ọwọ́ tó ti mọ ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí kò ní fi ìṣẹ́jú méjì ṣòfò lórí òkúta.

Wíwú ló ń gba àkókò jù. Ẹ má wú u láti òkè orí rẹ̀ bí kànga, ẹ ó máa tẹ àyè èémí rẹ̀ pa. Ẹ ka iye tí ọ̀pá wọlé. Bó bá ju mítà kan lọ, ẹ lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìlọ́po kan àbọ̀ iye náà, ẹ wá máa wú wọlé lọ bá a. Ẹni iwájú ń gé, àwọn ẹ̀yìn ń tì í sísàlẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹni iwájú kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Orí àti àyà rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ẹ yọ yìnyín kúrò lẹ́nu àti imú. Bí kò bá mí, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀, nítorí pé àìrí èémí ló dá a dúró. Ẹ má gbé e lójijì, ẹ bò ó kí òtútù má parí iṣẹ́ tí yìnyín bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé lọ́dún, tí ẹ kó ẹrù yín wá sí Òṣogbo, ẹ yọ bátìrì kúrò nínú bíkọ́ọ̀nù. Ooru ibí máa ń mú kí álíkáláìnì jo, omi rẹ̀ á sì jẹ irin tó gbá a mú. Ó lè tàn nílé, kí ó kú lórí òkè.